OÒGÙN NI A Ń PÈ É, ṢÙGBỌ́N MÁJÈLÉ NI

Ọ̀rọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Owódé àti agbègbè rẹ̀, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, lórí ewu tí ó wà nínú oògùn oko àti bí a ṣe lè lò ó láìsí ìpalára

 

Kò sí ẹni tí ó mọ Owódé tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé Èkó àti òkè òkun, agbègbè yìí ni orírun rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí, fùfú àti láfún, àgbàdo, ata, ẹ̀fọ́, obì àti kòkó, gbogbo wọn ni ilẹ̀ yìí ń mú jáde. Ní àtijọ́, ọkọ́ àti àdá ni àgbẹ̀ fi ń bá koríko jà. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Èkó àti Abẹ́òkúta, owó alágbàṣe sì ti wọ́n. Nítorí náà ni àgbẹ̀ púpọ̀ ṣe gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi oògùn pa koríko àti kòkòrò. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn wí nítorí èyí, nítorí pé oògùn náà ń dín iṣẹ́ kù, ó sì ń gba irè oko lọ́wọ́ àwọn ajẹnirun. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè pa koríko, tí ó sì lè pa kòkòrò, kò ní ojú tí yóò fi mọ ènìyàn yàtọ̀.

Orúkọ tí ń tan ni jẹ

Ní èdè Yorùbá, orúkọ kan náà ni a fi ń pe ohun tí aláìsàn ń mu kí ara rẹ̀ lè yá, àti ohun tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko kí kòkòrò lè kú. Oògùn ni a ń pe méjèèjì. Láti inú orúkọ yìí ni àṣìṣe púpọ̀ ti ń wá. Ẹni tí ó bá gbà pé oògùn ni, yóò rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti ṣiṣẹ́ tó. Yóò fi ọwọ́ lásán pò ó. Yóò gbé e sí abẹ́ ibùsùn, tàbí kí ó tò ó pọ̀ mọ́ ìgò oògùn ikọ́ àwọn ọmọ. Òmíràn a tilẹ̀ fi í pa iná orí ọmọ, òmíràn a fi í wẹ ajá tí eégbọn bò. Bí ó bá jẹ́ pé májèlé ni a ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí òbí tí yóò dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ ni pé májèlé ni ó gbé lọ́wọ́, bí májèlé ni ó sì yẹ kí ó máa lò ó, láti ilé ìtajà títí di ìgbà tí ìgò rẹ̀ yóò fi ṣófo.

Ohun tí ojú ti rí

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nígbà tí kòkó jẹ́ òpó ọrọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Gammalin 20 ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń bá kòkòrò tí ń fa oje igi kòkó mu jà. Lindane ni orúkọ èròjà tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú oko kòkó. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbé e kúrò ní oko, wọ́n dà á sínú odò láti fi pa ẹja, wọ́n sì kó ẹja náà lọ sí ọjà fún aráàlú jẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé lindane kì í tètè jẹrà. Ó ń pẹ́ nínú ilẹ̀ àti nínú omi, ó sì ń pẹ́ nínú ọ̀rá ara ènìyàn. Ní ọdún 2009, a kọ orúkọ rẹ̀ kún àwọn májèlé tí ó yẹ kí gbogbo ayé mú kúrò nílẹ̀ lábẹ́ Àdéhùn Stockholm, èyí tí Nàìjíríà ti wọ̀ láti ọdún 2004. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé lindane lè fa àrùn náà fún ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí a ń tà ní gbangba lánàá lè di èèwọ̀ lónìí. Ní ọdún 2008, NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fi òfin de oríṣi oògùn oko 30. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ó fi òfin de paraquat, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ sí Gramoxone. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó kan chlorpyrifos. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 2025, ó kan atrazine, èyí tí a ń fọ́n sí oko àgbàdo. A kò ṣe òfin wọ̀nyí láti fi ni àgbẹ̀ lára. Bí ènìyàn bá gbé díẹ̀ péré nínú paraquat mì, ó lè pa á, kò sì sí oògùn kan ní ilé ìwòsàn tí ó lè pa oró rẹ̀. Ẹni tí ó gbé e mì lè dìde ní ọjọ́ kejì kí ó sọ pé ara òun ti yá, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò máa le díẹ̀díẹ̀ títí èémí yóò fi wọ́n ọn.

Àgbẹ̀ tí ó bá ṣì ní àjẹkù irú oògùn bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó má ṣe tà á fún ẹlòmíràn, kí ó má sì ṣe dà á sí ilẹ̀ tàbí sí odò. Kí ó lọ bá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba fún ìmọ̀ràn lórí ohun tí yóò fi ṣe.

Ọ̀nà mẹ́ta tí májèlé ń gbà wọ ara

Ẹnu, imú àti awọ ara ni májèlé ń gbà wọlé. Ẹnu ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n awọ ara ni ó ń gbà jù lọ lára ẹni tí ń fọ́n oògùn. Pọ́ǹpù tí ń jò sí ẹ̀yìn àgbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ń ta májèlé sí i lára, bí kò tilẹ̀ dùn ún. Nígbà tí ènìyàn bá ń làágùn, tàbí tí ó bá ní ọgbẹ́, ó ń yára wọlé sí i. Ibi tí awọ ara ti fẹ́lẹ́, bí abíyá àti abẹ́, kì í lè dá a dúró dáadáa. Ẹni tí ó fi ọwọ́ tí ó fi po oògùn mú obì jẹ, tàbí tí ó fi tan sìgá, ó ti gbé májèlé sí ẹnu ara rẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹnu fẹ ojú pọ́ǹpù nígbà tí ó dí, ohun kan náà ni ó ṣe.

Àwọn àmì tí a fi ń mọ̀ pé májèlé ti wọ ara kò pamọ́. Orí á máa fọ́ ni, òòyì á máa kọ́ ni, èébì á máa gbé ni, inú á sì máa run ni. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, itọ́ á máa dà lẹ́nu, omi á máa dà lójú, òógùn á bo ara, ìgbẹ́ gbuuru á dé, ẹran ara á máa gbọ̀n, ojú kò ní ríran dáadáa, mímí á sì ṣòro. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a máa rò pé ibà ni. Wọn a lo oògùn ibà, wọn a sùn, wọn a sì tún gbé pọ́ǹpù ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣe ní ọjọ́ tí ó fọ́n oògùn, kí ó fura.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta ní ilẹ̀ Benin

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni gbogbo èyí, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, aládùúgbò Nàìjíríà. Ní àkókò òwú ti ọdún 1999 sí 2000, àwọn àgbẹ̀ olówùú ní ẹkùn Borgou, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ń lo oògùn apakòkòrò kan tí ń jẹ́ endosulfan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, bàbá kan fọ́n ọn sí oko òwú rẹ̀, tí ó gbin àgbàdo sí láàárín. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta, tí wọn kò ju ọmọ ọdún 12 sí 14 lọ, lọ ro oko náà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé a ti fọ́n oògùn síbẹ̀. Nígbà tí ebi pa wọ́n, wọ́n ya àgbàdo díẹ̀ jẹ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. A gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Bembèrèkè. Méjì yè, ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12 kú.

Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kà á pé ó kéré tán ènìyàn 37 ni ó kú ní ẹkùn náà ní àkókò òwú kan ṣoṣo yẹn. Wọn kì í ṣe ẹni tí ń fọ́n oògùn nìkan. Àwọn kan nínú wọn jẹ oúnjẹ tí oògùn kàn, àwọn kan lo agolo tí oògùn ti wà rí. Ní ọdún 2011 ni a kọ orúkọ endosulfan kún àwọn májèlé tí Àdéhùn Stockholm kọ̀. Bàbá àwọn ọmọ náà kò ní èrò búburú sí ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kò sọ, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ oko lónìí.

Bí a ṣe ń lo oògùn oko

Ní ọjà: Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí a ti ra oògùn, nínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí, tí nọ́ńbà NAFDAC sì wà lára rẹ̀. Kí a má ṣe ra èyí tí a bù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí sínú ọ̀rá. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ara ìgò ni àwọ̀ kan wà. Pupa ni èyí tí oró rẹ̀ le jù, àwọ̀ ìyeyè ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni búlúù, àwọ̀ ewé sì ni oró rẹ̀ kéré jù. Ẹni tí kò mọ ìwé kà lè mọ àwọ̀ wọ̀nyí, ọmọ rẹ̀ tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ sì lè ka ìyókù fún un. Àgbẹ̀ kékeré kò ní ohun tí ó lè fi bo ara tó fún oògùn alámì pupa. Kí ó béèrè òmíràn.

Ní ilé: Inú àpótí tí a tì pa ni ibùjókòó oògùn, kí ó jìnnà sí oúnjẹ, sí àwọn ọmọ àti sí ẹran ọ̀sìn. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ìgò tí ó wà nínú ilé ni ọmọdé ń rí gbé mu, òun náà sì ni ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá lójijì ń nà ọwọ́ sí. Kọ́kọ́rọ́ kan lè gba ẹ̀mí méjèèjì là.

Nígbà tí a bá ń pò ó: Ìta gbangba ni kí a ti pò ó, kí ó jìnnà sí kànga àti odò. Ìwọ̀n tí a kọ sára ìgò ni kí a lò, kì í ṣe agolo mílíìkì tàbí ìdérí ìgò tí ojú wọ̀n. Igi ni kí a fi rò ó, kì í ṣe ọwọ́. Kí a má ṣe da oríṣi oògùn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ nínú pọ́ǹpù kan, àfi bí ìwé ara ìgò bá sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bá ń fọ́n ọn: Kí àgbẹ̀ wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbomú àti awò tí ó bo ojú. Etí ṣòkòtò kì í wọ inú bàtà, òde bàtà ni ó yẹ kí ó bò, kí oògùn má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí atẹ́gùn kò le, ni àkókò tí ó dára. Kí a má ṣe kọ ojú sí atẹ́gùn. Bí ojú pọ́ǹpù bá dí, omi àti ìtànṣán koríko ni kí a fi ṣí i. Aboyún, ìyá tí ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ àti ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn iṣẹ́: Kí a fi ọṣẹ wẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ tàbí ọmọ. Kí a fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, kí ẹni tí ń fọ̀ ọ́ sì bo ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé ìyàwó tí kò dé oko rí lè ti ara aṣọ ọkọ rẹ̀ gba májèlé. Kí a fi àmì sí ẹnu ọ̀nà oko, kí a sì sọ fún gbogbo ará ilé àti àwọn alágbàṣe. Ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ kọjá kí a tó kórè wà lára ìgò. Ẹni tí ó fọ́n oògùn sí ẹ̀fọ́ lónìí, tí ó já a lọ sí ọjà lọ́la, májèlé ni ó ń tà.

Ìgò tí ó ṣófo: Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kí a fi omi ṣan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a da omi náà sínú pọ́ǹpù, kí a sì fọ́n ọn sí oko. Lẹ́yìn náà, kí a lu ìgò náà ní ihò, kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́. Kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tí yóò fi yẹ fún epo pupa, kẹrosíìnì tàbí omi mímu. Kí a má ṣe sun ún, nítorí pé èéfín rẹ̀ pàápàá jẹ́ májèlé.

Ẹ̀wà tí a dá padà

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò àgbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró ní ẹnu ibodè wọn. Dichlorvos ni wọ́n rí nínú rẹ̀, èyí tí a ń da sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ sí Sniper. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà ni 0.01 mílígíráàmù nínú kílógíráàmù ẹ̀wà kan. Èyí tí wọ́n bá nínú àwọn kan tó 4.6, ìyẹn ni ìlọ́po 460. A sún ọjọ́ òfin náà síwájú ju ìgbà kan lọ, olówò àti àgbẹ̀ sì pàdánù ọjà. Ẹ̀wà tí òyìnbó kọ̀ láti jẹ, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni a ń bù ú fún. NAFDAC ti fi òfin de títa dichlorvos nínú ìgò kékeré mílílítà 100. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ẹ̀wà tàbí àgbàdo mọ́, kí ó sá a gbẹ dáadáa, kí ó sì dì í sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Kòkòrò tí ó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò sì kú láìsí oògùn kankan.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nígbà tí ẹnìkan bá gbé májèlé mì ni pé wọ́n á fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, wọ́n á sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó léwu púpọ̀. Oríṣi oògùn mìíràn ń yọ́ nínú epo, epo náà a sì tún ràn án lọ́wọ́ láti wọ ara. Èébì sì lè gba ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó pa ẹni tí ìbá yè. Nítorí náà, kí a má ṣe fún un ní epo, mílíìkì, omi àgbọn tàbí àgbo. Kí a dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ jù lọ láìfi àkókò ṣòfò.

Bí ó bá jẹ́ pé ó dà sí i lára, kí a bọ́ aṣọ rẹ̀, kí a sì fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ta sí ojú, kí a fi omi tútù tí ó mọ́ ṣan án fún ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá jẹ́ pé ó fà á símú, kí a gbé e lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹni tí ń ràn án lọ́wọ́ náà, kí ó bo ọwọ́ ara rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a mú ìgò oògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tí ó bá mọ ohun tí ènìyàn gbé mì lè mọ ohun tí yóò fi tọ́jú rẹ̀. Oró àwọn oògùn apakòkòrò kan ní ohun tí a fi ń pa á, bíi abẹ́rẹ́ atropine, ṣùgbọ́n ẹni tí a tètè gbé dé ni ó ń ṣe láǹfààní.

Ní ìkádìí, kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá oògùn ni ohun tí oko rẹ̀ ń fẹ́. Ríro oko ní àsìkò, yíyí irúgbìn padà láti ọdún dé ọdún, gbígbin irú tí ó lè dènà àrùn, àti fífa igi tí kòkòrò ti bàjẹ́ tu kí ó tó ran èyí tí ó kù, gbogbo ìwọ̀nyí ń dín oògùn kù, wọ́n sì ń fi owó pamọ́ sí àpò. Àwọn òṣìṣẹ́ OGADEP àti àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ràn. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Kí olúkúlùkù padà sí ilé rẹ̀ lónìí, kí ó wo ibi tí ìgò oògùn rẹ̀ wà, kí ó gbé e kúrò nítòsí àwọn ọmọ, kí ó sì tì í pa.